Ẹ Bi Wá: Kí Ló Ń Náni Jù Nínú Pípa Kòkòrò Inú Omi?

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: omi mímu àti owó tó ń bá a rìn. Àwọn kan ń se omi láràárọ̀, gáàsì ń tán. Àwọn kan ti ra ẹ̀rọ tán, wọn ò wá mọ ohun tí ẹ̀rọ náà máa gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún kejì. A ò ní dárúkọ owó kankan nínú ìdáhùn wa, torí iye tí ẹnì kan ń ra gáàsì tàbí iná kọ́ ni ẹlòmíì ń rà á. Lítà, kílò, wákàtí àti yúníìtì iná la ó fi ṣírò, kí kálukú wá fi iye tó ń rà á ṣe ìsọdipúpọ̀. Yúníìtì tí a ń wí ni kilowatt-hour kan, èyí tí mítà iná ń kà.

Gáàsì ń tán lórí omi sísè

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà la wà nínú ilé, a máa ń mu bíi 20 lítà omi lóòjọ́. Mo máa ń jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 15 kí ọkàn mi lè balẹ̀. Gáàsì tó ń lọ sí i ti wá ń já mi láyà. Àbúrò mi ní kí n máa kán bílíìṣì sí i, ìyá ọkọ mi ní májèlé ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin*

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 15 yẹn lọ́wọ́ yín. Omi tó bá ti hó dáadáa, tó ń ru láti ìsàlẹ̀ ìkòkò dé ojú rẹ̀, ìṣẹ́jú 1 ti tó o. Àfi bí ibi tí ẹ ń gbé bá ga ju 2,000 mítà lọ sí ojú òkun ni kí ẹ jẹ́ kó pé 3, torí níbẹ̀, omi ti ń hó kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ. Bó ti wù kí ẹ koná mọ́ ọn tó, omi tó ń hó ò ní gbóná ju bó ṣe wà lọ. Gáàsì tó bá jó lẹ́yìn náà, èéfín funfun tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò ló ń dà. Kí lítà omi 1 tó gbẹ di èéfín tán, ooru tó máa jẹ tó ìlọ́po 7 èyí tó gbé lítà yẹn láti 25 digirì dé 100. Ẹ wo bí òfò ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ dé ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀, kó hó, ẹ ka ìṣẹ́jú 1, ẹ pa á, kí ó tutù pẹ̀lú ìdérí lórí.

Ká wá ṣírò rẹ̀. Láti gbé 20 lítà láti 25 digirì dé 100, omi fúnra rẹ̀ máa gba ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.75 yúníìtì. Kẹ́tù oníná tó dáa máa fi bíi yúníìtì 2 ṣe é, ìyẹn 730 lọ́dún. Ní ti sítóòfù gáàsì, bí ìdajì ooru ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ láìkan omi, nítorí náà 20 lítà yẹn á jẹ gáàsì bíi 0.27 kílò lóòjọ́. Lọ́dún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 kílò, a ò sì tíì ka ìṣẹ́jú 15 yẹn mọ́ ọn.

Bílíìṣì wá ńkọ́? Omi tó mọ́ kedere ń fẹ́ kiloríìnì mílígíráàmù 2 fún lítà kọ̀ọ̀kan. Bílíìṣì tí wọ́n kọ 5% sí lára ní mílígíráàmù 50 nínú mílílítà kan. Fún 20 lítà, mílílítà 0.8 ni ẹ máa lò. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, 292 mílílítà ni, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta lítà. Bí omi bá dà bí ẹni pé ó dọ̀tí díẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun tó nípọn sẹ́ ẹ kọ́kọ́, kí ẹ wá lo ìlọ́po méjì, mílílítà 1.6. Kódà pẹ̀lú èyí, kò pé 600 mílílítà lọ́dún. Díẹ̀ ni ohun tí a ó dárúkọ lónìí tó máa sún mọ́ ọn ní àìnáni-lówó.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Bílíìṣì májèlé ni bí ènìyàn bá mu ún láti inú ìgò. Ìwọ̀n ló ya oògùn sọ́tọ̀ sí májèlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kiloríìnì tó wà nínú omi mímu lè tó mílígíráàmù 5 ní lítà kan láìṣe ènìyàn ní ibi. 2 lẹ ń fi sí i, omi á sì ti jẹ apá kan nínú rẹ̀ kí ẹ tó bu ú mu. Àmọ́ bílíìṣì lásán ni o, èyí tí kò ní òórùn dídùn, tí kò ní ọṣẹ, tí kò ní àwọ̀. Ẹ fi síríńjì aláìlábẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìdérí ìgò ṣòdiwọ̀n. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, kí ó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn kiloríìnì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ti dára. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ tún fi ìwọ̀n kan náà sí i, kí ó pé ìṣẹ́jú 15 sí i. Bí òórùn kò bá tún sí, omi yẹn dọ̀tí ju bí ojú ṣe rí i lọ, tàbí kí bílíìṣì yín ti kú.

Ibi kan wà tí iná fi ju kiloríìnì lọ, kò sì yẹ ká bò ó. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ní èèpo tó le gan-an. Pẹ̀lú kiloríìnì mílígíráàmù 10 ní lítà, ó ń gbà tó wákàtí 25 kí ó tó kú tán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè mu omi tó ní 10. Nítorí náà, bí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé, tàbí ẹni tí àìsàn ti jẹ́ kí ara rẹ̀ hẹ, ẹ máa se tiwọn nìkan. Lítà 3 lóòjọ́ kò ní jẹ ju kílò gáàsì 15 lọ lọ́dún, kí lítà 17 tó kù máa gba bílíìṣì. Ohun tí àwa ìbá ṣe nílé yín nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò gáàsì kò fi hàn. Omi sísè kò ní ẹ̀ṣọ́. Bó bá ti tutù tí ọmọ kan ti ife bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, gáàsì àná ti ṣòfò. Kiloríìnì ṣì wà nínú omi, ó ń ṣọ́ ọ. Èyí ó wù kí ẹ lò, kẹ́ẹ̀gì tó lẹ́nu tóóró, tó ní tẹ́ẹ̀pù nísàlẹ̀, ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí.

Iná UV ṣì ń tàn, kí ni mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fún?

*Ọdún kejì rèé tí mo ti ra ẹ̀rọ UV, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò inú omi, sí ẹnu páìpù tó wọlé. Gílóòbù rẹ̀ ń tàn búlúù bíi ti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní ó ti yẹ kí n ti pààrọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ṣé kì í ṣe pé ó ń wá ọ̀nà àtijẹ lára mi? — Bàbá oníyèméjì*

Òótọ́ ló sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó ń pa kòkòrò, ojú ènìyàn kò lè rí i. Ó wà ní 254 nanometer, tó kéré jìnnà sí ohun tí ojú lè rí. Búlúù tí ẹ ń rí kàn jẹ́ àfikún lásán. Bí gílóòbù ṣe ń gbó, gíláàsì rẹ̀ ń ṣókùnkùn sí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí yẹn, búlúù á sì máa tàn lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Wákàtí 9,000 ni ọ̀pọ̀ jù lọ gílóòbù yìí wà fún, wákàtí 8,760 ló sì wà nínú ọdún kan. Ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn. Ẹ má sì torí kó lè pẹ́ máa pa á bí ẹ ò bá ń lo omi. Títàn àti pípa léraléra ló ń tètè pa á.

Ẹni tó bá fẹ́ ra UV, kó má wo iye ẹ̀rọ nìkan. Kó ka ọdún 10 síwájú. Ẹ̀rọ ilé tó ń jẹ 40 watt láìkú máa jẹ 350 yúníìtì lọ́dún, 3,500 ní ọdún 10. Gílóòbù 10 máa lọ, ọ̀kan tó bá ẹ̀rọ wá àti 9 tí ẹ máa rà. Asẹ́ 5 micron tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, 40 ni. Bí omi yín bá mọ́ tó sì ń pé oṣù mẹ́fà, 20. Ẹ fi ọ̀pá gíláàsì tó bo gílóòbù mọ́ ọn, torí ó máa fọ́ lọ́jọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń nù ún, àti rọ́bà òrùka tó ń dí ẹnu rẹ̀, tí wọ́n máa ń pààrọ̀ pẹ̀lú gílóòbù. Àpótí iná tó ń gbé gílóòbù náà kì í sábà bá ọdún 10 dé òpin, àgàgà níbi tí iná ti ń gbéra tó tún ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀pá gíláàsì yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń kùnà. Ẹ pa omi, ẹ fa iná yọ, ẹ ṣí omi inú ẹ̀rọ dànù, ẹ fa gílóòbù jáde, kí ẹ wá fa ọ̀pá náà. Bí ẹ bá rí funfun tó le bíi ti inú kẹ́tù, efun inú omi ni. Bí ó bá jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń ràn mọ́ ìka bíi ìpara, irin ni. Èyíkéyìí nínú wọn bò ó, ìmọ́lẹ̀ kò ní kọjá, bí gílóòbù tilẹ̀ jẹ́ ti àná. Ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ má fi kànrìnkàn irin kàn án. Ẹ má fi ìka lásán kan gílóòbù tuntun, ọ̀rá ọwọ́ á jó mọ́ ọn lára. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ dì í mú. Ẹ má sì tan gílóòbù náà níta kí ẹ wò ó, ó ń jó ojú.

Kí ẹ̀rọ yìí tó lè ṣiṣẹ́, irin inú omi kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 ní lítà lọ, efun rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 120 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, ohun èlò tó máa yọ irin tàbí efun náà wà lára iye UV, kì í ṣe ìnáwó ọ̀tọ̀.

Ní ti pípa kòkòrò, ó dáa gan-an. Cryptosporidium tí a wí lókè ò lè dúró níwájú rẹ̀. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan, pàápàá adenovirus, ló le fún un: ẹ̀rọ ilé tó péye ń fún omi ní 40 millijoule lórí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, adenovirus sì ń fẹ́ tó 186 kí wọ́n tó gbà pé ó kú tán. Èyí tó yẹ kó máa kọ yín lóminú ni iná tó bá lọ. Omi ò dúró, ó ń gba inú ẹ̀rọ kọjá pẹ̀lú kòkòrò rẹ̀, ó ń wọ inú páìpù ilé. Fáàfù oníná tó ń tì fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ ló ń wo èyí sàn. Ibi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ra UV láìní fáàfù yẹn tàbí bátìrì.

A ti fi ìlọ́po méjì sí i, síbẹ̀ kiloríìnì ò dé tẹ́ẹ̀pù

*Ilé ẹ̀kọ́ táwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ni tiwa. Kànga ẹ̀rọ ń fún wa ní 10,000 lítà lóòjọ́. Ẹ̀lú kiloríìnì 65%, ìyẹn kiloríìnì oníyẹ̀fun, là ń lò. Lọ́dún tó kọjá, 46 gíráàmù lóòjọ́ tó wa. Báyìí a ti fi í dé 90, àyẹ̀wò kò sì fi nǹkan kan hàn ní tẹ́ẹ̀pù tó jìnnà jù. Ìgbìmọ̀ ní ká yí padà sí UV, pé yóò dín owó kù. — Alábòójútó omi*

Ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n ní sùúrù. Ohun tó ń jẹ kiloríìnì yín kò ní lọ torí pé ẹ ra UV. Bó bá jẹ́ irin ni, yóò bo ọ̀pá gíláàsì mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí inú táǹkì ni, UV tó wà lẹ́nu kànga kò rí táǹkì. Tẹ́ẹ̀pù tó jìnnà yẹn ni yóò sì jìyà jù, torí UV kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú omi.

Ọgbọ̀n gíráàmù kiloríìnì gidi ló wà nínú 46 yẹn, ìyẹn mílígíráàmù 3 fún lítà kan. Lọ́dún, kílò ẹ̀lú 17 ni, ohun kékeré fún ilé ẹ̀kọ́ odindi. Èyí tó ń bí wa nínú ni pé wọ́n máa ń bu sí i ṣáá láìbi omi léèrè ohun tó ń fẹ́. Ìdánwò kan wà tó máa bi í, kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Ẹ wọn ẹ̀lú 15.4 gíráàmù sínú lítà omi 1. Ẹ̀lú ni kí ẹ dà sínú omi o, ẹ má da omi lé ẹ̀lú lórí. Ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ kí èérí funfun rẹ̀ rogún. Omi tó dá sókè ní mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ to garawa 5 tó mọ́, ẹ bu 10 lítà omi láti ẹnu kànga gan-an sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi síríńjì fa mílílítà 1 sí àkọ́kọ́, 2 sí èkejì, 3 sí ẹ̀kẹta, 4 sí ẹ̀kẹrin, 5 sí ìkarùn-ún. Mílílítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 1 fún lítà kan. Ẹ rò wọ́n, ẹ bò wọ́n kúrò lóòrùn, kí wọ́n pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ẹ wá fi oògùn DPD, èyí tí wọ́n fi ń wọn kiloríìnì tó kù nínú omi, yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Garawa tó bá fi 0.5 hàn ló sọ ìwọ̀n tí omi yín ń fẹ́.

Bí 3 bá ṣì tó nínú garawa, omi kò yí padà. Táǹkì àti páìpù ló ń jẹun, tàbí kí ẹ̀lú tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ má rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ fi ṣe ìdánwò, bí àpẹẹrẹ àpò tí ọ̀rinrin ti wọ̀. Ẹ tú táǹkì, ẹ gbọn ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ fọ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti 10,000 lítà, ẹ kún un, ẹ fi 770 gíráàmù ẹ̀lú tí ẹ ti pò sí i, ìyẹn mílígíráàmù 50 ní lítà. Ẹ ṣí tẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi dé ibẹ̀, ẹ tì wọ́n, kí ó sùn wákàtí 12, kí ẹnikẹ́ni má mu nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tú u dànù jìnnà sí ọ̀gbìn àti odò ẹja.

Bí garawa bá ń fẹ́ ju 3 lọ, ẹ wo bí nọ́ńbà àyẹ̀wò ṣe rìn láti garawa kan sí èkejì. Bó bá ń gòkè létòlétò ṣùgbọ́n tó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí irin. Mílígíráàmù irin 1 ń jẹ kiloríìnì 0.64, manganese 1 ń jẹ 1.3. Kì í ṣe kiloríìnì ló yẹ kó máa yọ irin fún yín. Afẹ́fẹ́ lásán ń ṣe é: mílígíráàmù irin 1 kò fẹ́ ju atẹ́gùn 0.14 lọ. Ẹ jẹ́ kí omi láti kànga máa já bọ́ lórí àwo oníhò mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó wọ táǹkì kan tí yóò ti rogún, kí ó wá gba iyanrìn asẹ́ kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kiloríìnì.

Bó bá gòkè, tó tún já wálẹ̀, tó tún wá ń gòkè, amóníà nìyẹn, ó sì burú ju irin lọ. Kiloríìnì á kọ́kọ́ so mọ́ ọn, agbára rẹ̀ á dín gidigidi, bí ẹ bá sì ń fi sí i, ẹ máa kọ́kọ́ rí i pé ó ń pòórá kí ó tó dúró. Mílígíráàmù amóníà 1 ń fẹ́ kiloríìnì 8 sí 10 kó tó tán. Fún 10,000 lítà yín, 100 gíráàmù kiloríìnì lóòjọ́ nìyẹn, ẹ̀lú tó lé ní 55 kílò lọ́dún dípò 17. Bí ó ti lè gba ju garawa 5 lọ kí ẹ tó rí i tán, ẹ fi garawa kún un kó pé 10 tàbí 12 bí ẹ bá fura. Inú ilẹ̀ ibòmíràn ní amóníà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá tó wá dé lọ́dún yìí, ihò ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹran ti ń jò wọ inú kànga. Ẹ tètè lọ wo ibi tí kànga ti fọwọ́ kan ilẹ̀, bóyá símẹ́ńtì ẹnu rẹ̀ ti là. Ẹ tètè tún un ṣe, ìlera àwọn ọmọ ni.

Ẹ yẹ pH omi náà wò, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tó tàbí bó ṣe jìnnà sí kíkan. Ní pH 7, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kiloríìnì ló wà ní ipò tó ń pa kòkòrò kíákíá. Ní 8, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Kiloríìnì kan náà, owó kan náà, iṣẹ́ tó ń ṣe ló dín.

Owó tí ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń gbàgbé kọ sílẹ̀ ni ti ọwọ́ àti àyẹ̀wò. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ jẹ́ wákàtí 91 lọ́dún. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ jẹ́ oògùn DPD 730. Pọ́ǹpù kékeré tó ń kán kiloríìnì náà ń fẹ́ rọ́bà àti fáàfù tuntun lọ́dọọdún, ibi tó ti ń fi kiloríìnì sínú páìpù sì máa ń dì pẹ̀lú efun funfun. Bí ẹ kò bá yọ ọ́ fọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, pọ́ǹpù á máa dún, omi inú ìgò rẹ̀ kò ní dín, ẹ ó sì rò pé omi ló ń jẹ ẹ́. Ẹ máa fi àmì sára ìgò náà láràárọ̀. Ìlà kan pẹ̀lú bírò lásán ni, àmọ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ ṣe kiloríìnì ńkọ́?

*Wọ́n ní iyọ̀ àti iná péré ló ń fẹ́. Ṣé òtítọ́ ni? — Oníbéèrè láti ilé ìwòsàn kékeré*

Òtítọ́ ni, bí ẹ bá yọ àwo irin inú rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Kílò kiloríìnì 1 ń gba iyọ̀ 3 sí 3.5 kílò àti bíi yúníìtì 5. Fún ọgbọ̀n gíráàmù lóòjọ́, iyọ̀ kò tó 110 gíráàmù, iná kò tó ìdá kan nínú márùn-ún yúníìtì. Àwọn àwo titanium tí wọ́n kùn ni owó wà, bí ìkùn yẹn bá sì bó, ẹ̀rọ ti kú. Omi tó ní efun ń di mọ́ wọn lára, iyọ̀ tó kéré jù ń jó ìkùn wọn. Ẹ fi omi tí a ti yọ efun rẹ̀ po iyọ̀, ẹ wọn iyọ̀ lórí ìwọ̀n, ẹ má fọwọ́ bù ú, kí ẹ sì fi ásíìdì tí kò le fọ àwo náà gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Ohun tó ń jáde kì í ju 0.8% lọ, nítorí náà ẹ má lo òdiwọ̀n bílíìṣì 5% fún un. Háídírójìn ń jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń gbiná: ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde ni kí ẹ gbé e sí, kí siga àti iná jìnnà sí i. Ibi tí ẹ̀lú ti ṣòroó rí tàbí tó ń dé pẹ̀lú agbára tó ti tán, ẹ̀rọ yìí dára púpọ̀. Níbi tí ẹ̀lú tó dáa ti wà nítòsí, kò ní pa owó rẹ̀ padà kíákíá.

Ósóònù, àti ìgò nínú oòrùn

*Èwo nínú méjèèjì yìí ló tọ́ fún ilé? — Akẹ́kọ̀ọ́*

Ósóònù, gáàsì tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi, kì í ṣe ti ilé. Nice ní ilẹ̀ Faransé ti ń lò ó láti nǹkan bí ọdún 1906, ó sì lágbára. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó máa wọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú, rọ́bà lásán ń jẹrà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kò bá wọ inú omi gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ mìíràn kọjá kí ó má ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí bromide, irú iyọ̀ kan, bá wà nínú omi, ó ń di bromate, tí kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 ní lítà. Láàárín bíi ogún ìṣẹ́jú, ìdajì rẹ̀ ti lọ, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó ṣẹ́kù.

Ìgò oníke tó mọ́ gaara, tí kò ju 2 lítà lọ, tí ẹ bá rọ omi sí, tí ẹ sì tẹ́ ẹ sí oòrùn kí ó lè pa kòkòrò, kì í jẹ iná rárá. Wákàtí 6 nínú oòrùn tó mú, ọjọ́ 2 bí ojú ọ̀run bá ṣú. Bí ẹ kò bá lè ka lẹ́tà ìwé ìròyìn láti apá kejì ìgò, omi yẹn dọ̀tí jù fún un. Ọwọ́ ló ń gbà: 20 lítà jẹ́ ìgò 10 tí ẹnì kan máa rọ, tò, kó lójoojúmọ́, 20 lásìkò òjò, kí ẹ sì jù wọ́n nù bí ara wọn bá ti họ.

Bílíìṣì mi kò rùn mọ́

*Mo ra kẹ́ẹ̀gì ńlá nítorí pé ó dín owó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òórùn rẹ̀ ti lọ. — Onílé oúnjẹ*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ó ti di omi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe é: bí ibi tí ẹ gbé e sí bá fi 10 digirì gbóná sí i, ó ń tètè bàjẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó le jù ló sì ń yára kú jù, nítorí náà 12% tí ẹ rà lówó pọ́ọ́kú lè kéré sí 5% kí ẹ tó lò ó dé àárín. Ẹ máa ra ìwọ̀n tí ẹ máa lò tán láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára ìgò, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, nínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà wọlé. Bí ẹ bá ti ra èyí tó le, ẹ fi omi mímọ́ là á sí ìdajì lọ́jọ́ náà, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí ẹ kọ ìwọ̀n tuntun àti ọjọ́ sí i lára. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ásíìdì, fínígà tàbí ohun tó ní amóníà. Bí wọ́n bá dà pọ̀, gáàsì tó ń jáde lè pa ènìyàn. Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ fi fọ ilẹ̀, ẹ má kán an sínú omi mímu mọ́.